Yìnyín ìgbà òtútù tí yóò dé ìgbà ooru: bí a ṣe ń kọ́ ilé yìnyín lọ́nà àwọn ará Kòríà, ní ìpele ìpele

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó ń gbé níbi tí odò ti ń dì máa ń dáwọ́ lé, tó sì máa ń já wọn kulẹ̀. Wọn a gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé nínú òtútù, wọn a kó yìnyín kún un, wọn a fi tapólì bò ó, wọn a sì wa iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, pẹ̀lú èrò pé bí ooru bá dé, àwọn yóò máa bù ú lò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi ṣí i ní oṣù kẹfà, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń bá níbẹ̀, pẹ̀lú koríko tó ti jẹrà. Ooru ni gbogbo wọn máa ń dá lẹ́bi. Ní tèmi, ooru jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ọ̀daràn. Omi tó yọ́ lára yìnyín náà, tí kò rí ibi gbà jáde, ló máa ń pa ìyókù.

Àwọn ará Kòríà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ fíríìjì. Mẹ́fà nínú ilé yìnyín olókùúta wọn, tí wọ́n ń pè ní seokbinggo, ṣì wà ní agbègbè Gyeongsang ní Gúúsù Kòríà: ní Gyeongju, Andong, Changnyeong, Yeongsan, Cheongdo àti Hyeonpung. Ti Gyeongju, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1738, ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé ara rẹ̀ ṣì pé. Níbi tí ti Andong tàbí ti Changnyeong bá ti kọ́ wa ní nǹkan mìíràn, n óò sọ ọ́. Ìwọ̀n tí mo fún yín kéré sí tiwọn púpọ̀, torí pé ìjọba ni wọ́n ń kó yìnyín pamọ́ fún, ẹ̀yin sì lè jẹ́ ẹbí kan tàbí àdúgbò kékeré kan.

Ohun tí ẹ ó ní lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

- Ilẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò jìnnà sí odò tàbí adágún tó mọ́.
- Òkúta tí a gbẹ́ ní igun mẹ́rin. Bí kò bá sí òkúta, gẹdú tó nípọn.
- Amọ̀ tó lẹ̀ dáadáa, èyí tí ẹ ó fi rẹ́ òrùlé kí òjò má bàa wọlé.
- Pòròpórò ìrẹsì, èèpo ìrẹsì tàbí èèsún etí odò, kí wọ́n gbẹ fọ́nfọ́n. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ náà dára. Bí ẹ bá rò pé ohun tí ẹ ti kó jọ ti tó, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì.
- Ayùn gígùn, àáké, ọ̀pá irin, ìkọ́ irin tí a fi ń wọ́ nǹkan, àti okùn púpọ̀.
- Páìpù tàbí òkúta tí a gbẹ́ ojú àgbàrá sí nínú.
- Ènìyàn mẹ́rin ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni kì í dá gé yìnyín lórí odò.

Ìdánwò ọjọ́ kan, kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun

Apá yìí ṣe é ṣe níbikíbi, títí kan Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹ di omi nínú abọ́ méjì tó dọ́gba, kí ẹ ní yìnyín méjì tí ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tó pọ̀ bákan náà wé àwọn méjèèjì. Ẹ gbé ọ̀kan sínú bésìnì tí kò ní ihò, kí ẹ gbé èkejì sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé sókè, kí omi rẹ̀ lè máa kán sílẹ̀. Ẹ fi méjèèjì síbi òjìji kan náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ tú wọn, kí ẹ wọn ohun tó kù lórí òṣùwọ̀n. Ti inú apẹ̀rẹ̀ ni yóò tóbi jù, koríko rẹ̀ yóò sì ṣì máa ta pàrà lọ́wọ́ yín, nígbà tí ti inú bésìnì yóò ti rin gbindin. Ìdí rẹ̀ ni pé koríko fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dènà ooru: atẹ́gùn tó há sáàárín rẹ̀ ni. Omi máa ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti atẹ́gùn tó dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà, ní kété tí omi bá ti gba ipò atẹ́gùn, aṣọ òtútù ti di aṣọ tútù lásán.

Ẹni tó bá ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kì í fojú kéré ìpele kejì.

Ìpele kìíní: ẹ yan ibi tí ilé yóò wà

Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ òkè tàbí ilẹ̀ tó dagun, kí omi lè ti inú ilé ṣàn lọ sísàlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́n ọn. Ẹ má ṣe jìnnà sí odò. Nígbà ìjọba Joseon, ìyẹn ìdílé ọba tó jẹ ní Kòríà láyé àtijọ́, ilé yìnyín ńlá méjì ti olú-ìlú, Dongbinggo àti Seobinggo, wà létí odò Han, débi pé àdúgbò méjì ní Seoul ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn títí di òní. Yìnyín wúwo: mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga rẹ̀ tó kìlógíráàmù 917. Gbogbo ibùsọ̀ tí ẹ bá fi kún ìrìn kẹ̀kẹ́ màlúù yóò sọ ara rẹ̀ di ẹ̀yìn ríro.

Ní ti ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò kọjú sí, àwọn ilé náà kò fẹnu kò. Ti Gyeongju kọjú sí gúúsù, ti Andong sì gba ìhà àríwá wọlé. Bí ó bá jẹ́ èmi, àríwá ni n óò yàn, nítorí pé oòrùn ọ̀sán gangan ìgbà ooru kì í débẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà mẹ́ta sí ibi tí ẹ yàn, lẹ́yìn òjò, kí ẹ bo ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí omi bá sun sí ìdí rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Kò sí àtúnṣe kankan tó lè gba ibi tí omi ilẹ̀ ti ga là.

Ìpele kejì: ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ sì la ojú àgbàrá

Ilé ti Gyeongju gùn tó nǹkan bíi mítà 19 nínú, ó fẹ̀ tó mítà 6, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà 5. Ti Changnyeong kéré sí i: nǹkan bíi mítà 11 ní gígùn àti mítà 3.6 ní fífẹ̀. Fún tiyín, ẹ gbẹ́ mítà 3 níbùú àti lóròó, kí ó sì jìn tó mítà 2.5, kí àyè lè wà fún òkìtì yìnyín tó jẹ́ mítà 2 ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti fún koríko tí yóò yí i ká.

Ẹ má ṣe dín in kù. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe jù nìyí, wọ́n rò pé díẹ̀ yóò rọrùn láti tọ́jú. Yìnyín tó jẹ́ mítà kan ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ojú mẹ́fà tí ooru lè bá wọlé, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 6. Èyí tó jẹ́ mítà méjì ní 24, ṣùgbọ́n yìnyín inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ ti sọ ojú tí ooru ń bá wọlé di ìdajì fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Kòríà kò kọ́ ilé oní-mítà 19 torí àṣehàn nìkan.

Ẹ ṣọ́ra: kòtò tó bá ju mítà kan ààbọ̀ lọ lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi pákó àti òpó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró bí ẹ ti ń gbẹ́ ẹ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ wà jáde jókòó sí etí rẹ̀ gan-an.

Ní báyìí, ẹ bojú wo ìsàlẹ̀. Ní Gyeongju, ìsàlẹ̀ ilé kò tẹ́jú. Ó dagun, ojú àgbàrá sì la àárín rẹ̀ já, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tó bá kán sílẹ̀ yóò wá ọ̀nà rẹ̀ lọ síta. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ rọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí àárín, kí ojú àgbàrá àárín sì rọlẹ̀ lọ síta bákan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbi tí omi ti ń jáde tí ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbọ́. Atẹ́gùn tútù wúwo ju atẹ́gùn gbígbóná lọ, nítorí náà ó máa ń jókòó sínú kòtò bí omi ṣe ń jókòó sínú ìkòkò. Bí ẹ bá lu ihò sí òkè ìkòkò, omi rẹ̀ kì í dà. Ìdí rẹ̀ tó bá lu ni gbogbo rẹ̀ ń jò. Ojú àgbàrá yín ni ihò ìdí ìkòkò náà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn tútù yóò máa gba ibẹ̀ jáde ní ọ̀sán ní òru, atẹ́gùn gbígbóná yóò sì máa gba òkè wọlé wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi páìpù tó tẹ̀ parí rẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ bésìnì ìfọwọ́, tí omi díẹ̀ máa ń dúró sí nínú: omi á máa kọjá, atẹ́gùn kò ní rí àyè.

Àyẹ̀wò: ẹ da garawa omi kan sí igun tó jìnnà jù. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí adágún kankan lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú iná àbẹ́là lọ sí ẹnu páìpù níta. Bí iná náà bá ń mì tìtì nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, atẹ́gùn ṣì ń jò. Ẹ da omi kún ibi tó tẹ̀ náà, kí ẹ tún un wò.

Ìpele kẹta: ògiri, òrùlé àti ihò atẹ́gùn

Ẹni tó bá wọ ilé yìnyín Gyeongju, tó sì gbójú sókè, yóò rí ohun tó dà bí egungun ìhà ẹranko ńlá kan: ọ̀wọ́ òkúta márùn-ún tó tẹ̀ kọdọrọ láti ògiri kan dé èkejì, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sáàárín wọn. Hongye ni wọ́n ń pe òkúta títẹ̀ bẹ́ẹ̀, òṣùmàrè sì ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ti Andong ní mẹ́rin. Ní Cheongdo, níbi tí wọ́n kọ́ tiwọn ní ọdún 1713, òrùlé ti wó lọ tán, àwọn òṣùmàrè òkúta náà nìkan ló kù tó nà sójú ọ̀run, ẹ sì lè rí i kedere bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn dúró.

Ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Nítorí pé òkúta pẹlẹbẹ ga ju abẹ́ òṣùmàrè lọ, àyè jíjìn kan wà láàárín ọ̀kan àti èkejì lókè. Atẹ́gùn gbígbóná tó bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé yóò gòkè, yóò kó sínú àyè yẹn, yóò sì gba ihò atẹ́gùn jáde kí ó tó bá yìnyín fara kan ara. Mẹ́ta ni ihò náà ní Gyeongju, wọ́n sì gbé òkúta lé ẹnu wọn bí ìdérí, kí òjò àti oòrùn má bàa ráyè wọlé tààrà. Ẹ rántí ìkòkò wa: ihò tó wà lókè kò lè da ohun tó tutù nù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní rí ẹni tó mọ òkúta tẹ̀ báyìí. Ẹ má dán an wò fúnra yín láìní ọ̀gá bíríkìlà tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, torí pé òṣùmàrè tí a kò tò dáadáa, orí ènìyàn ló ń wó lé. Ẹ lo gẹdú. Ilé yìnyín ti olú-ìlú gan-an, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé igi máa ń jẹrà nínú ọ̀rinrin, títún un ṣe kì í sì í tán. Bí ẹ bá lo gẹdú, ẹ to igi àjà lọ́nà tí àyè jíjìn yóò fi wà láàárín wọn lókè, kí ẹ sì gbé ihò atẹ́gùn méjì sí ibi tó ga jù.

Ẹ fi amọ̀ rẹ́ òrùlé náà nípọn, lẹ́yìn náà ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ lé e tó mítà kan, kí ẹ sì gbin koríko sí i lórí. Láti òkèèrè, ilé ti Gyeongju kò yàtọ̀ sí òkìtì koríko. Koríko náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń ṣíji bo ilẹ̀, ó sì ń di iyẹ̀pẹ̀ mú kí òjò má wẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà kéré. Ti Gyeongju ga tó mítà 1.78 péré, fún ilé tí wọ́n ń gbé òkìtì yìnyín wọ̀. Tiyín lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó ní ìlẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, pẹ̀lú àyè láàárín wọn tí ènìyàn kan lè dúró sí.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí bí ẹ bá fi koríko tútù sínú ìkòkò iná kékeré, tí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ilé, tí ẹ ti ìlẹ̀kùn, tí ẹ sì dúró síta: ihò òkè nìkan ni èéfín gbọ́dọ̀ máa gbà jáde. Bí ó bá ń yọ lára ògiri tàbí òrùlé, ẹ fi amọ̀ dí ibẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ má wọlé lọ gbé ìkòkò náà títí tí èéfín yóò fi tán pátápátá.

Ìpele kẹrin: ẹ jẹ́ kí ilé tutù kí yìnyín tó wọ̀ ọ́

Àṣìṣe tó pọ̀ níbí ni kíkó yìnyín wọ ilé tó ṣì ń mí ooru oṣù kẹwàá. Òkúta àti ilẹ̀ máa ń gba ooru pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹ kò bá sì yọ ọ́ kúrò, yìnyín yín ni yóò yọ ọ́, tí yóò sì fi ara rẹ̀ san owó rẹ̀. Láti ìgbà tí òtútù bá ti mú gan-an, ẹ máa ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì àti ihò òkè sílẹ̀ lálaalẹ́, kí ẹ máa tì wọ́n ní òwúrọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ti Gyeongju, ògiri kan yọ síta tó ń gba atẹ́gùn ìgbà òtútù, tó sì ń darí rẹ̀ sínú ilé. Pákó méjì tí ẹ bá gbé dúró bí ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yín lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ gbé abọ́ omi kan sí àárín ilé lálẹ́. Bí ó bá dì mọ́jú fún òwúrọ̀ mẹ́ta léraléra, ilé ti ṣetán.

Ìpele karùn-ún: gígé yìnyín

Láyé àtijọ́, oṣù kejìlá kàlẹ́ńdà òṣùpá ni àwọn ará Kòríà máa ń gé e, ní àsìkò tí Sohan àti Daehan, ìyẹn òtútù kékeré àti òtútù ńlá, máa ń bọ́ sí. Nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 20 oṣù kìíní. Wọ́n kì í fọwọ́ kàn án àfi bí ó bá nípọn tó chon mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń rúbọ sí òrìṣà òtútù, bí ìgbà òtútù kan bá sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ mú òtútù wá.

Ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe sí i ni pé kí ẹ máa gbá ìrì-dídì kúrò lórí odò ní gbogbo ìgbà tó bá ti bọ́. Ìrì-dídì jẹ́ kúbùsù: bí ó bá bo yìnyín mọ́lẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ kì í gbádùn òtútù òkè, yìnyín náà kò sì ní nípọn.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ lu ihò wò ní ibi púpọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, torí pé odò kì í dì dọ́gba. Sẹ̀ǹtímítà 12 tí mo sọ, ti yìnyín tó mọ́ gaara tó sì dúdú díẹ̀ ni. Èyí tó funfun bíi wàrà, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì tirẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé màlúù tàbí ọkọ̀ gun orí rẹ̀ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ Kòríà máa ń na okùn tí wọ́n fi pòròpórò ìrẹsì lọ́ káàkiri orí yìnyín kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ wọ́n, n kò sì tíì rí ohun tó rọrùn tó sì dára jù ú lọ. Ìtàn sọ pé Ọba Sejong ti Joseon fi ọtí àti ẹja ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gé yìnyín láti kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ fún àwọn tiyín ní ẹja. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi délé.

Ẹ fi okùn àti ẹfun fa ìlà, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba: sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wúwo tó kìlógíráàmù 33, èyí tí ènìyàn méjì lè gbé láìpariwo. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ gé e, kí ẹ sì kó o wọlé ní ọjọ́ náà gan-an.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé méjì léra wọn. Bí ọwọ́ bá lè wọ àárín wọn, gígé yín kò tọ́. Ẹ gé etí tó yọ kúrò kí ẹ tó gbé e lọ.

Ìpele kẹfà: kíkó o jọ

Ẹ to igi tínrín tínrín sí ìsàlẹ̀ ilé, kí àyè wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi yóò máa gbà lọ sí ojú àgbàrá. Lórí igi náà ni ẹ ó tẹ́ pòròpórò ìrẹsì sí, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í to yìnyín bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ojú ìpàdé ìlà kan má ṣe bọ́ sí orí ti ìlà ìsàlẹ̀.

Àṣìṣe kan wà níbí tó jọ ọgbọ́n. Àwọn kan máa ń rọ koríko sáàárín yìnyín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo, wọ́n rò pé bí koríko bá ti pọ̀ tó ni yìnyín yóò ti pẹ́ tó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ òkìtì ńlá kan di ọgọ́rùn-ún òkìtì kéékèèké, ẹ sì ti rí ìṣirò rẹ̀ lókè. Èéfọ́ yìnyín àti ìrì-dídì ni kí ẹ fi kún àlàfo tó wà láàárín wọn. Kìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ koríko kan láàárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ ti tó, kí wọ́n má bàa lẹ̀ pọ̀ débi pé àáké ni ẹ ó máa fi yọ wọ́n.

Bí òkìtì bá ti ga tó mítà méjì, ẹ fi koríko tàbí èèpo ìrẹsì kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé ògiri, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ tó ìdajì mítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko náà dí ihò òkè.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti ọwọ́ bọ inú koríko ẹ̀gbẹ́ títí kan yìnyín. Kí ti ìta gbẹ, kí ti inú tutù láìrin. Bí ibì kan bá rin, ojú àgbàrá ti dí tàbí òrùlé ń jò. Ẹ wá a rí kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ìpele keje: títì í, ṣíṣí i, àti mímọ iye tó kù

Ẹ ti ìlẹ̀kùn méjèèjì, kí ẹ fi koríko kún àárín wọn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ní ìjọba Joseon, ìgbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba ní oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣí ilé náà pẹ̀lú ètùtù. Kí ẹ tó dé ìgbà yẹn, ẹ kò ní ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀.

Òtútù kọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù pé yóò jáde nígbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, bí kò ṣe ọ̀rinrin tí yóò wọlé. Nígbà tí oru omi inú atẹ́gùn ìgbà ooru bá kan yìnyín, yóò di omi padà, yóò sì tú ooru rẹ̀ sílẹ̀: kìlógíráàmù kan oru omi bẹ́ẹ̀ lè yọ́ yìnyín tó ju kìlógíráàmù méje lọ. Nítorí náà, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìdájí, nígbà tí atẹ́gùn ṣì tutù. Ẹ ti ìlẹ̀kùn ìta kí ẹ tó ṣí ti inú. Láti òkè ni kí ẹ ti máa mú yìnyín, kí ẹ sì dá koríko padà sórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti rin, ẹ kó o síta lọ sá, kí ẹ fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: koríko tó ń jẹrà máa ń tú afẹ́fẹ́ búburú tó wúwo, tó sì ń jókòó sísàlẹ̀ kòtò gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn tútù ṣe ń jókòó. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi okùn sọ iná àbẹ́là sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí iná bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí kò bá kú, kí ẹnì kan ṣì dúró síta.

Yìnyín odò kì í ṣe fún jíjẹ. Ẹ fi í yí ìgò omi, ẹran àti ẹja ká, bí àwọn ará Andong ṣe kọ́ ilé tiwọn ní ọdún 1737 láti fi tọ́jú ẹja inú odò Nakdong tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọba. Ní ti pínpín, òfin Joseon tó jáde ní ọdún 1485 sọ pé kí wọ́n pín yìnyín fún àwọn ìjòyè àti àwọn àgbà ìjòyè tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó tún ka àwọn aláìsàn inú ilé ìtọ́jú aláìní àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn ju gbogbo ìwọ̀n òkúta lọ.

Láti mọ iye tó kù láìṣí ìlẹ̀kùn, ẹ gbé garawa sí ẹnu páìpù níta fún wákàtí kan gééré. Òkìtì yín, ní mítà 2 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi kìlógíráàmù 7,300. Bí omi tó kán bá jẹ́ lítà kan, kìlógíráàmù 24 ni ẹ ń pàdánù lójúmọ́, òkìtì náà yóò sì ju oṣù mẹ́sàn-án lọ bí ẹ kò bá mú nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lítà méjì, oṣù márùn-ún ni, ẹ ó sì dé oṣù kẹfà pẹ̀lú díẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ lítà mẹ́rin, ẹ yára wá ibi tó ń jò. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín jù ni kí garawa gbẹ fúrúfúrú nínú ooru: kì í ṣe pé yìnyín kò yọ́ mọ́, omi ti há sínú ilé ni.

Nígbà tí ìgbà ooru bá parí, ẹ kó gbogbo koríko jáde lọ sí oko, ó ti di ajílẹ̀. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn àti ihò òkè sílẹ̀ kí ògiri gbẹ, kí ẹ mú ọ̀pá gígùn kan, kí ẹ gbá ojú àgbàrá láti inú títí orí ọ̀pá yóò fi yọ síta.